Líthíọ́mù 200Ah àti ínfátà nínú ọkọ̀-ilé: fíúsì mélòó, níbo ni kí wọ́n wà?

Bàbá Ìbejì, Leeds

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀-ilé kan, Fiat Ducato ọdún 2010, èyí tí bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù gáàsì, fíríìjì àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bátìrì tó ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì wà láyè tirẹ̀. Àwọn tó ń tan iná inú ilé tó sì ń fa omi jẹ́ méjì, bátìrì olómi àtijọ́, lábẹ́ àga èrò iwájú. Wọ́n ti gbó. Mo fẹ́ kó wọn dànù, kí n fi líthíọ́mù kan ṣoṣo, 12V, 200Ah, rọ́pò wọn, kí n sì so ínfátà 2000W mọ́ ọn. Ìyàwó mi ti ní òun ò lọ sí Scotland fún ọ̀sẹ̀ kan láìlọ ata, ó sì fẹ́ kẹ́tù pẹ̀lú.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyí. Nígbà tí mo ṣí abẹ́ àga, mo rí wáyà pupa kan tó sanra, ó ti orí bátìrì lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láìsí fíúsì kankan lójú ọ̀nà. Wáyà kejì ní fíúsì, àmọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi fóìlì wé e. Fíúsì mélòó ni mo nílò, irú wo ni, ibo ni kí n fi wọ́n sí? Ọ̀rẹ́ mi kan ní bátìrì líthíọ́mù ti ní BMS nínú, pé kò nílò fíúsì mọ́.

Rẹ́wáyà Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun. Fóìlì yẹn, ẹ yọ ọ́ lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Dáírẹ́ẹ̀tì là ń pè é níbí. Oníbàárà á ní "rẹ́wáyà, fíúsì yìí ń dà mí láàmú, bá mi dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀." Bí fíúsì bá ń já lemọ́lemọ́, nǹkan ló ń jẹ iná níwájú, ẹ wá a rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú: fíúsì kì í ṣe ti bátìrì, kì í sì í ṣe ti ínfátà. Ti wáyà ni. Bí wáyà pupa bá fara kan bọ́dì ọkọ̀, bátìrì lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún áńpù sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà ni yóò gbóná, rọ́bà rẹ̀ á yọ́, pákó àti fóòmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbiná. Nítorí náà, wáyà ni ẹ kọ́kọ́ máa mọ̀, ẹ ó wá wá fíúsì tí yóò já kí wáyà náà tó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti ibi tí yóò wà: ẹ̀bá orí pọ́sítíìfù bátìrì gan-an. Ibi tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ìlànà ABYC tí wọ́n fi ń wáyà ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà fi ínǹṣì 7 ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, mi ò sì rí ìdí tí ọkọ̀ orí ilẹ̀ fi máa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Adúkẹ́ Onílùú, Kent

Ẹ bá mi bi ọ̀rẹ́ yín bóyá kò sí bréèkà nílé òun náà, nítorí pé fíúsì wà lórí transformer àdúgbò.

Ẹnjiníà Àgbà, Birmingham

Àbúrò, ọ̀rọ̀ BMS yẹn, jẹ́ ká tú u. BMS jẹ́ súìsì ẹlẹ́kitíróníìkì kan tó wà nínú bátìrì láti ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ó máa ń gé iná bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kún jù, bó bá lọ sílẹ̀ jù, bí òtútù bá mú un, tàbí bí iná tó ń jáde bá pọ̀ jù. Iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Àmọ́ MOSFET, súìsì kékeré tí kò ní irin tó ń ṣí tó ń tì, ló fi ń gé iná, MOSFET tó bá sì kú, ó sábà máa ń kú sí ipò tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí iná á máa gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá kú bẹ́ẹ̀, fíúsì nìkan ló kù ọ́ kù.

Ohun kejì tí àwọn ènìyàn kì í wò. Nọ́ńbà méjì ló wà lára fíúsì. Èkíní ni áńpù tó lè gbé. Èkejì ni iye áńpù tó lè gé tí iná ò ní fò láti etí kan sí èkejì nínú fíúsì tó ti já. Fíúsì pẹlẹbẹ inú ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ bí 1,000A. MEGA, bí 2,000A. MRBF, èyí tí a ń dè mọ́ orí bátìrì fúnra rẹ̀, 10,000A lórí 14V. Class T, 20,000A. Bátìrì olómi tó ti darúgbó kì í lágbára púpọ̀ bó bá ṣọ́ọ̀tì. Líthíọ́mù 200Ah kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìdíwọ́ inú rẹ̀ kéré gan-an, ohun tó lè tú jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan pọ̀. Nítorí náà, fíúsì àkọ́kọ́ tó wà lórí bátìrì gbọ́dọ̀ jẹ́ MRBF tàbí Class T. Má ṣe fi èyí tó rọ́ jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mẹ́wàá fún pọ́n-ùn díẹ̀, síbẹ̀. Àwọn kan wà nínú irú wọn tó jẹ́ pé wáyà á ti máa yọ́ kí wọ́n tó já.

Kí ni wọ́n kọ sára bátìrì tí o fẹ́ rà? Áńpù mélòó ni BMS rẹ̀ lè gbé títí?

Bàbá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Wọ́n kọ 100A síbẹ̀. Mo rò pé ó pọ̀ tó?

Ẹnjiníà Àgbà, Birmingham

Kò tó fún ohun tí o fẹ́ ṣe. Wá ká ṣírò rẹ̀. Ínfátà 2000W tó ń ṣiṣẹ́ dé òpin, lórí 12V: 2000 pín sí 12 jẹ́ 167A. Ínfátà fúnra rẹ̀ ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣòfò sí ooru, ó ti di 185A nìyẹn. BMS 100A á kàn gé iná mọ́ ẹ lọ́wọ́ nígbà tí kẹ́tù bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bátìrì yẹn, ohun tó lè bọ́ kò ju ínfátà 1000W lọ.

Bí o bá ta kú pé 2000W ni, bátìrì tí BMS rẹ̀ jẹ́ 200A ni kí o wá, wáyà 70mm², fíúsì 250A, kí ínfátà má sì jìnnà sí bátìrì ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Owó ńlá ni o, abẹ́ àga yẹn á sì kún.

Adúkẹ́ Onílùú, Kent

Ẹ gbọ́, sítóòfù gáàsì wà nínú ọkọ̀. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi bátìrì se omi tíì? Kẹ́tù kan péré lórí gáàsì, omi á hó. Ẹ jẹ́ kí ínfátà dúró sórí ata. Bíléńdà èmi jẹ́ 500W, mo sì ń lọ ata àti tàtàsé fún ọbẹ̀ odindi ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Leeds

Mo ti ka èyí sétí ìyàwó mi. Ó ní ata ni òun ń sọ látilẹ̀, èmi ni mo fi kẹ́tù kún un. Ó dáa, 1000W náà ni.

Ẹnjiníà Àgbà, Birmingham

Ìyàwó rẹ gbọ́n. Pẹ̀lú 1000W, nǹkan bí 93A ni yóò fà bó bá dé òpin, BMS rẹ á gbé e. Lo wáyà 35mm², fi MRBF 125A dè é mọ́ orí bátìrì. Láti ibẹ̀ lọ sí bọ́sìbà, ìyẹn ọ̀pá irin tí àwọn wáyà pupa ti ń pàdé. Ínfátà bọ́ sórí bọ́sìbà pẹ̀lú 35mm² kan náà, fíúsì 125A yẹn ti dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí wáyà bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, fíúsì mìíràn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wáyà 10mm² tó ń lọ sí àpótí fíúsì iná inú ilé, fi 40A sí ìdí rẹ̀ lórí bọ́sìbà. Èyí tó ń lọ sí pọ́ńpù omi látinú àpótí, 1.5mm² lásán ni, 10A tó fún un. Wáyà pupa tí kò ní fíúsì tí o rí yẹn, tú u kúrò pátápátá títí o fi máa mọ ibi tó lọ.

Tólú Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀wọ́, mi ò ní ọkọ̀-ilé, ínfátà 24V ni mo ní nílé. Ẹni tó bá mi fi sólà sí i lo bréèkà 63A tó wà fún iná NEPA láàárín bátìrì àti ínfátà. Ṣé kò burú?

Rẹ́wáyà Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ó burú, ọ̀gá mi. Iná NEPA ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbà 100 ló ń dé òdo láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí bréèkà bá ṣí, tí iná sì fò láàárín irin méjèèjì, kò ní pẹ́ tí á fi kú fúnra rẹ̀ nítorí pé ó ti dé òdo. Iná bátìrì kì í dé òdo. Ó lè máa jó lọ nínú bréèkà náà títí yóò fi yọ́. Ẹ ra bréèkà DC gidi tàbí fíúsì. Bréèkà DC mìíràn wà tó ní pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù lára, ẹ má gbé e kọjú sódì o, kò ní lè gé iná bó ṣe yẹ.

Bàbá Ìbejì, èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ fi kún ti Ẹnjiníà. Ohun kan wà tí fíúsì ò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀: ojú tí wọn ò dè dáadáa. Ẹ wò ó. Ínfátà ń fa 90A, lọ́ọ̀gì, irin olójú tó wà létí wáyà, tí wọn ò dè le lórí bátìrì ní ìdíwọ́ mílíóòmù 5. Ooru tó wà lójú kan ṣoṣo yẹn jẹ́ bí 40W. Áyọ́ọ̀nù tí àwọn oníredíò fi ń jó lẹ́ẹ̀dì kì í sábà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíúsì 125A ò ní mọ̀ pé nǹkankan ń ṣẹlẹ̀, 90A ló rí, 90A sì wà lábẹ́ àṣẹ. Gbogbo ilé tí wọ́n ti pè mí pé ìdí bátìrì ń rùn tàbí tó ti dúdú, ojú ìdè ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀tì.

Nítorí náà, ẹ má fi òòlù lu lọ́ọ̀gì, ẹ má sì fi pláyà tẹ̀ ẹ́. Ẹ yá ẹ̀rọ tó ń fi ọ́ìlì tẹ lọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fà á tagbáratagbára. Kí ojú lọ́ọ̀gì jókòó sórí irin bátìrì tààrà, kí wọ́ṣà wà lórí rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ tó. Ẹ dè é dé iye agbára tí wọ́n kọ sínú ìwé bátìrì. Ọkọ̀ ń mì, kò dà bí ilé. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ padà dè é wò. Bí ínfátà bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ gbogbo ojú ìdè. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, òun ni ọ̀tá.

Ẹ sì fi ọ̀bẹ họ wáyà tí ẹ bá rà wò. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà kùn lójú ni. Ó kún ọjà Alábà, ó sì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ yín náà. 35mm² rẹ̀ kò lè gbé ohun tí 35mm² bàbà ń gbé.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Glasgow

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Bàbá Ìbejì, kí o tó rí líthíọ́mù rà, má sùn pẹ̀lú àwọn bátìrì tó ti gbó yẹn nígbà tí ṣájà bá wà lórí wọn. Èmi àti bàbá wọn wà ní etí òkun ní Ayr nígbà òtútù, aláàmù CO, èyí tó ń kìlọ̀ nípa afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide, bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru. A pa hítà gáàsì, a ṣí fèrèsé, ó dákẹ́. A tì í padà, ó tún ké. Òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ni mo gbọ́ lábẹ́ àga, mo fọwọ́ kan bátìrì, ó gbóná débi pé n kò lè gbé ọwọ́ lé e. Sẹ́ẹ̀lì kan ti kú nínú ọ̀kan nínú àwọn bátìrì méjì náà. Ṣájà kò rí i kí ó kún, ó ń tú iná sí i lọ, omi inú rẹ̀ ń hó, háídírójìn ń jáde. Aláàmù CO máa ń ké fún háídírójìn náà.

Ẹnjiníà Àgbà, Birmingham

Ẹ kú ewu, mà. Òótọ́ ni, háídírójìn ń da irú aláàmù bẹ́ẹ̀ láàmú. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí bí háídírójìn bá ti dé ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibi tó há, pàràpàrà súìsì lásán lè mú un bú gbàù. Ìdí nìyẹn tí bátìrì olómi fi gbọ́dọ̀ ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ síta. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn yẹn, kó pa ṣájà, kó sì ṣílẹ̀kùn. Kó má rò pé gáàsì nìkan ló lè mú kí aláàmù ké. Àti pé ẹ má fi sílíńdà gáàsì àti bátìrì sínú àpótí kan náà. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ihò tó wà ní ilẹ̀ àpótí sílíńdà, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe lu ú. Ẹ má dí i torí otútù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Peckham

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kì í ṣe líthíọ́mù yìí ló ń jó ilé níbí? Gbogbo ìgbà ni àwọn panápaná London ń kìlọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ oníná.

Kúnlé Aláwàdà, Manchester

Líthíọ́mù pé oríṣiríṣi, ẹ̀gbọ́n. Bátìrì kẹ̀kẹ́ sábà máa ń jẹ́ NMC, líthíọ́mù tó ní níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáàtì nínú. Ti ọkọ̀-ilé jẹ́ LiFePO4, líthíọ́mù tó ní irin àti fósfétì nínú, sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.2V, àpapọ̀ wọn 12.8V. Irú èyí nílò ooru tó pọ̀ jù kó tó ya wèrè, kì í sì í tú ọ́síjìn sílẹ̀ bíi tàwọn yẹn. Kì í ṣe pé kò lè jó. Bó bá bàjẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lè gbiná, ó sì ní májèlé. Bí èéfín bá jáde lára rẹ̀, ẹ má dúró wá fáyà ẹ́sítíńgúíṣà, ẹ jáde, kí ẹ pe 999.

Ọ̀rọ̀ tí kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu kàn ni bí bátìrì tuntun yóò ṣe máa gba iná nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, rílè kan ló ń so bátìrì ẹ́ńjìnnì mọ́ ti ilé. Bí ẹ bá fi líthíọ́mù sípò yẹn, gbogbo ohun tí alternator bá ní ni á gbà, á sì máa gbà á láìsinmi. Alternator kò lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì. Á gbóná, á jó. Tí BMS bá sì gé iná lójijì nígbà tí ó ń gbà, fóòtì alternator á fò sókè, á pa dáyóòdù inú rẹ̀. Ẹ yọ rílè yẹn, ẹ fi ṣájà DC-DC 30A rọ́pò. Òun ló ń sọ pé 30A ni mo ń gbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún àwọn ọkọ̀ tuntun tó bá òfin èéfín Euro 6 mu, tí alternator wọn ń gbé fóòtì sókè sódò bó ṣe wù ú, ọ̀ranyàn ni.

Wáyà rẹ̀: ká ní ó jẹ́ mítà 5 lọ, mítà 5 bọ̀, 16mm². Bó bá ń fa 35A, nǹkan bí 0.38V ló máa sọnù lójú ọ̀nà, ìyẹn ìdá 3 nínú 100. 10mm² á pàdánù 0.6V.

Òtútù ńkọ́? Ẹ má fi iná sí LiFePO4 nígbà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá tutù ju òdo lọ, lórí ìwọ̀n Celsius. Líthíọ́mù á lẹ̀ mọ́ ara ojú sẹ́ẹ̀lì dípò kó wọ inú rẹ̀, kò sì ní kúrò mọ́. Ẹ lè lò ó nínú òtútù, gbígba iná ni ìṣòro. Bátìrì tí BMS rẹ̀ mọ̀ nípa òtútù ni kí ẹ rà, kó sì wà nínú ilé ọkọ̀, lábẹ́ àga yẹn dára gan-an.

Fẹ́mi, Houston

Ẹ kú àtiṣe o. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni òpó iná 50A ní ibùdó ọkọ̀-ilé. Wáyà iná méjì ló ní, 120V 120V, àti nútírà kan. Bí nútírà yẹn bá já lójú òpó, 240V lè bọ́ sára máíkírówéèfù àti tẹlifíṣọ̀n yín. Ẹ̀rọ tó ń yẹ òpó wò kí ó tó jẹ́ kí iná wọlé ni mo fi ń sùn.

Ẹnjiníà Àgbà, Birmingham

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀, Fẹ́mi. 230V kan ṣoṣo ni, lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù 16A. Síbẹ̀, jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ 230V kún ti Bàbá Ìbejì, nítorí òun ló ń pa ènìyàn. Ìlànà BS 7671, apá 721, ló bo ọkọ̀-ilé. RCD 30mA, súìsì tó ń já bí iná bá ń jò gba ara ènìyàn lọ sílẹ̀, gbọ́dọ̀ wà, bréèkà tó ń gé wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí tí o bá wa ọkọ̀ lọ sí Faransé, wàá bá òpó tí wọ́n so sódì. Wáyà tí o fi ń fa iná láti òpó, 2.5mm², tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó lò ó, kódà bí òpó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bó bá wà ní kíká, á gbóná títí á fi yọ́.

Ínfátà àti iná òpó kò gbọ́dọ̀ pàdé láé, súìsì changeover ni kí ó wà láàárín wọn. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá nútírà ínfátà náà dè mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá dè é, RCD rẹ kò ní já lórí iná ínfátà. Apá 230V yìí, má dá a ṣe. Pe oníná tó ní ìwé ẹ̀rí. Kí o sì sọ fún àwọn tó ṣe ìbánigbófò ọkọ̀ náà pé o ti yí nǹkan padà.

Bàbá Ìbejì, Leeds

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo dúpẹ́. Ohun tí mo ti kọ sílẹ̀: bátìrì LiFePO4 200Ah, BMS 100A. MRBF 125A lórí rẹ̀. 35mm² sí bọ́sìbà, 35mm² sí ínfátà 1000W. 40A fún àpótí fíúsì. Ṣájà DC-DC 30A pẹ̀lú 16mm², fíúsì 60A fún un lórí bọ́sìbà. Oníná fún 230V. Mo ti tú fóìlì yẹn, mo sì ti yọ nẹ́gétíìfù kúrò lórí àwọn bátìrì àtijọ́.

Kúnlé Aláwàdà, Manchester

Fíúsì 60A kan ṣì kù. Wáyà tó so bátìrì ẹ́ńjìnnì mọ́ ti ilé, tí ṣájà DC-DC wà láàárín rẹ̀, bátìrì wà ní orí kan, bátìrì wà ní orí kejì. Èyí tó wà lórí bọ́sìbà kò lè ṣọ́ ohun tó ń bọ̀ láti iwájú. Ẹ fi òmíràn sí ẹ̀bá bátìrì ẹ́ńjìnnì.

Rẹ́wáyà Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Àti òrùka ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó gbé sípánà. Ẹ fi téèpù wé ọwọ́ sípánà náà. Nẹ́gétíìfù ni kí ẹ máa kọ́kọ́ yọ, òun náà ni kí ẹ máa so gbẹ̀yìn.

Bàbá Ìbejì, Leeds

Mo ti fi méjèèjì kún un. Ó ku ibì kan: ibo ni ẹ ti ń rí lọ́ọ̀gì 35mm² gidi rà? Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ọkọ̀ àdúgbò mi kò ní ju ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

Adúkẹ́ Onílùú, Kent

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ọkọ̀ ojú omi. Lọ́ọ̀gì tí wọ́n fi tíìnì (tin) bò ni kí ẹ béèrè. Ẹ mú wáyà yín dání, kí ẹ sì wọn bóòtù tí ihò lọ́ọ̀gì yóò wọ̀: M8 ni orí bátìrì púpọ̀, ṣùgbọ́n ti ínfátà lè jẹ́ M6. Àwọn kan níbẹ̀ máa ń bá ènìyàn tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.